BÍ A TI Í KA ÈRÒ NÍ PÁPÁKỌ̀ ÒFUURUFÚ ÌKẸJÀ

Ní oṣù Keje ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí owó tí ó lé ní bílíọ̀nù 700 náírà láti tún ilé èrò àtijọ́ tí ó wà ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ṣe. Owó gbogbo ará ìlú ni. Nítorí náà ó tọ́ kí àwọn ará Kétu, Ìkòsí àti Mile 12 bèèrè ohun tí ó fà á. Iye èrò jẹ́ ohun pàtàkì nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ti í kà á.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà Mile 12 ṣe àpẹẹrẹ. Bí akọ̀wé kan bá ka apẹ̀rẹ̀ tòmátì nígbà tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ láti inú ọkọ̀ tí ó ti Òkè Ọya dé, tí ó sì tún kà á nígbà tí oníbàárà ń gbé e jáde, apẹ̀rẹ̀ kan ti di méjì nínú ìwé rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Àbújá, tí ó sì padà sí Èkó: ẹ̀ẹ̀mejì ni a kà á ní Ìkẹjà. Èyí kì í ṣe irọ́. Ẹni tí ń lọ ń fẹ́ àyè, ẹni tí ń bọ̀ náà ń fẹ́ àyè. Iṣẹ́ tí pápákọ̀ ṣe ni a ń kà, kì í ṣe orí ènìyàn.

Nígbà tí a ṣí ilé èrò ti òkè òkun ní 1979, nǹkan bí 200,000 èrò lọ́dún ni a ṣètò rẹ̀ fún. Ní 2003, èrò pápákọ̀ náà lápapọ̀ ti ju mílíọ̀nù 3 lọ. Ní 2010, ó ti ju mílíọ̀nù 6 lọ. Lóòótọ́, púpọ̀ nínú wọn kò jáde kúrò ní Nàìjíríà, síbẹ̀ aṣọ náà ti fún ọmọ tí a rán an fún. Iná ti jó ilé èrò ti abẹ́lé ní 2000, ọdún 2007 ni a sì tó ṣí òmíràn dípò rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2022 ni a ṣí ilé èrò tuntun ti òkè òkun, tí a sọ pé ó lè gba mílíọ̀nù 14 èrò lọ́dún.

Iye èrò a sì máa lọ sílẹ̀. Ní 2020, nítorí àrùn Kòrónà, a ti pápákọ̀ mọ́ ọkọ̀ òkè òkun ní oṣù Kẹta. Ti abẹ́lé tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje, ti òkè òkun ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tí ó bá fi 2021 wé ọdún yẹn yóò rò pé èrò pọ̀ sí i lọ́nà àrà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó sọnù ni ó ń padà bọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ iye èrò, ẹ bèèrè ohun mẹ́ta: ṣé àlọ àti àbọ̀ ni a kà pọ̀? Ṣé ti abẹ́lé ni tàbí ti òkè òkun? Ọdún wo ni a sì fi wé? Ẹni tí ó mọ ìdáhùn ìwọ̀nyí ni ó lè mọ̀ bóyá ilé tí à ń kọ́ tó, tàbí ó kéré, tàbí ó ti pọ̀ jù.