Ẹni Tó Kọ Orin àti Ẹni Tó Tẹ̀ Ẹ́

Tí atẹdùùrù bá jókòó nídìí dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì, tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í mì tìtì, ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé iṣẹ́ tirẹ̀ ò ju kó tẹ ohun tó wà nínú ìwé tó wà níwájú rẹ̀ lọ. A máa ń rò pé ẹni tó kọ orin ti parí gbogbo iṣẹ́ kí ìwé tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹni tó kọ orin bá ṣì wà láàyè, tó ṣeé kàn sí, iṣẹ́ àwọn méjèèjì máa ń wọnú ara wọn débi pé ó máa ń ṣòro láti mọ ibi tí ti ọ̀kan parí sí. Ohun tí mo fẹ́ là yé yín lónìí nìyẹn, atẹdùùrù ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Gerd Zacher ni màá sì fi ṣe àpẹẹrẹ jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí dùùrù ńlá jẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù oníná tó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mò ń sọ. Fèrè ni dùùrù yìí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fèrè ni wọ́n tò sínú rẹ̀, àwọn kan kéré ju pẹ́ńsù lọ, àwọn kan sì ga ju òrùlé ilé yín lọ. Ẹwìrì ńlá wà nísàlẹ̀ wọn tó ń kó atẹ́gùn jọ. Láyé àtijọ́ èèyàn ló máa ń tẹ ẹwìrì náà. Lóde òní ẹ̀rọ oníná ló ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Àwọn ibi funfun àti dúdú tí ọwọ́ ń tẹ̀, tí àwọn olórin ń pè ní kíì, ló ń ṣílẹ̀kùn fún atẹ́gùn láti wọ inú fèrè. Ẹsẹ̀ náà ní kíì tirẹ̀ nísàlẹ̀. Lápá ọ̀tún àti lápá òsì ni àwọn sítọ́ọ̀pù wà, ìyẹn àwọn ọwọ́ róbótó tí wọ́n ń fà jáde. Sítọ́ọ̀pù tí atẹdùùrù bá fà ló máa pinnu irú fèrè tó máa dún: èyí tó rọ̀, èyí tó han gooro, tàbí èyí tó ń bú ramúramù.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló wá le nínú ìyẹn? Ohun tó le níbẹ̀ ni pé kò sí dùùrù méjì tó bára mu. Dùùrù kan lè ní sítọ́ọ̀pù 15, òmíràn lè ní 200. Ohun tó ń dún bí ẹ̀dùn ọkàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta kan lè dún bí ariwo nínú ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ orin fún dùùrù dà bí ẹni tó mú sítáì aṣọ wá bá télọ̀ láì mọ ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Sítáì kan náà ni, àmọ́ télọ̀ ló máa wọn ara oníbàárà kọ̀ọ̀kan, òun ló máa mọ ibi tí yóò ti fún un àti ibi tí yóò ti dẹ̀ ẹ́. Bí atẹdùùrù bá dé ìlú tuntun, ó lè lo ọ̀pọ̀ wákàtí lórí sítọ́ọ̀pù nìkan kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orin kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ò fa wàhálà, torí ẹni kan náà ló ń kọ ọ́ tó sì ń tẹ̀ ẹ́. Bach ará Jámánì tẹ orin Bach. Ní Paris, Olivier Messiaen wà nídìí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì Sainte-Trinité láti 1931 títí tó fi kú ní 1992, dùùrù yẹn ló sì wà létí rẹ̀ tó bá ń kọ orin. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. T. K. E. Phillips tẹ dùùrù ní kàtídírà Marina ní Èkó láti 1914 títí di 1962, òun fúnra rẹ̀ sì kọ orin fún un. Fẹlá Ṣówándé tó kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ rẹ̀ di atẹdùùrù ní Kingsway Hall ní London ní 1945, òun náà sì kọ orin dùùrù tó fi ohùn orin Yorùbá sínú wọn. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí pé à ń ránṣẹ́ sí ara wa.

Ìgbà tí iṣẹ́ náà bá pín sí ọwọ́ méjì ni ìbéèrè máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Jámánì ni Max Reger tó kọ orin, àti Karl Straube tó tẹ̀ ẹ́. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn, 1873. Orin Reger ki, ó sì le débi pé àwọn atẹdùùrù kan ní kò ṣeé tẹ̀. Straube tẹ̀ ẹ́, ìlú sì gbọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí dùùrù gbọ̀ngàn ńlá ìlú Breslau ní 1913 (Wrocław ni wọ́n ń pe ìlú náà báyìí, ní Poland), dùùrù tó ní fèrè tó lé ní 15,000, Reger ló kọ orin ìṣílé náà, Straube ló jókòó nídìí rẹ̀. Reger fọkàn tán ọ̀rẹ́ rẹ̀, lójú tèmi ó fọkàn tán an jù. Ní 1914 ó ń kọ orin òkú ńlá kan ní èdè Látìn. Straube rí i, kò dùn mọ́ ọn nínú, ó sì sọ ọ́. Reger gbé orin náà tì, kò sì parí rẹ̀ títí tó fi kú ní 1916, lẹ́ni ọdún 43. Nígbà tó di 1938, Straube tún ọ̀kan nínú àwọn orin dùùrù Reger tẹ̀ jáde, ó sì yí bí ó ṣe yẹ kó yára àti bí ó ṣe yẹ kó dún sókè tó padà, kó lè bá irú dùùrù tí wọ́n fẹ́ràn nígbà yẹn mu. Ẹni tó kọ ọ́ ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún 22. Ta ni yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ẹ wá jẹ́ ká lọ bá Zacher. Ọdún 1929 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 2014. Láti 1957 sí 1970, òun ni olórí orin ní Lutherkirche, ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò tóbi ní àdúgbò Wellingsbüttel, ní ìlú Hamburg. Àwọn tó ń kọ orin tuntun ní Yúróòpù nígbà náà ò fi bẹ́ẹ̀ ka dùùrù sí. Lójú wọn, ohun èlò ọjọ́ Àìkú ni, ti àwọn àgbà ìjọ. Zacher ló ń wá wọn kiri, tó ń pè wọ́n wá wo ohun tó wà nínú àpótí náà.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni György Ligeti, ọmọ Hungary tó sá kúrò nílé ní 1956. Ó ti kọ́ dùùrù díẹ̀ nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò Bremen ní kó kọ orin dùùrù kan, ó sì kọ Volumina. Tí ẹ bá ṣí ìwé orin náà, ẹ ò ní rí dò-rè-mí, ẹ ò ní rí nóòtì. Àwòrán ni: ìlà dúdú tó nípọn, tó ń fẹ̀, tó ń sún kì, tó ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀. Atẹdùùrù á fi odidi apá rẹ̀, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọwọ́, bo àwọn kíì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn: gbogbo kíì wà nílẹ̀, sítọ́ọ̀pù ti wà níta, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń tan ẹ̀rọ atẹ́gùn.

Karl-Erik Welin, ará Sweden, ló yẹ kó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó lọ fi orin náà dánra wò lórí dùùrù kan ní ìlú Göteborg. Ó fi apá bo kíì, ó tan ẹ̀rọ, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Iná tó ń gba inú wáyà kọjá ti pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ìròyìn ò pẹ́ dé Bremen, àwọn aláṣẹ kàtídírà tí wọ́n fẹ́ lò sì ní àwọn ò ṣe mọ́. Ta ló máa dá wọn lẹ́bi? Wọ́n wá gba orin náà sórí téèpù ní Stockholm, téèpù yẹn ni wọ́n gbé fún àwọn èrò gbọ́ ní Bremen ní oṣù May 1962. Téèpù náà tún tán kí orin tó parí.

Mo sọ ìtàn yìí kí ẹ lè rí ohun tó sọnù níbẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú èrò Ligeti, ọwọ́ Welin sì dán. Ohun tó sọnù ni ẹnì kan tó mọ inú dùùrù, ibi tí wáyà gbà àti ibi tí atẹ́gùn gbà, tó sì lè sọ fún ẹni tó ń kọ orin pé, "Èyí ṣeé ṣe, àmọ́ ibi báyìí ni ká ti gbé e gbà." Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Zacher.

Ní 1967 Ligeti kọ Harmonies, ó sì fi í fún Zacher. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló wà lórí kíì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìka kan ṣoṣo á sún sí ẹ̀gbẹ́, àwọn mẹ́sàn-án yòókù á dúró síbi tí wọ́n wà. Bí ohùn kọ̀ọ̀kan yóò ti pẹ́ tó, ọwọ́ atẹdùùrù ló wà. Kò jọ ohun tó le, àbí? Àmọ́ Ligeti ò fẹ́ kí dùùrù náà dún bí dùùrù. Ó fẹ́ ohùn tó ṣá, tó rẹ̀, tó ń yẹ̀ kúrò lójú ibi tí wọ́n tún un sí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí irú ohùn bẹ́ẹ̀? Fèrè kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n atẹ́gùn tí ẹni tó ṣe é fún un. Bí atẹ́gùn náà bá dín kù, ohùn fèrè á wálẹ̀, á tín-ín-rín, nígbà míì á gbọ̀n. Tí sítọ́ọ̀pù tí wọ́n fà bá sì tún pọ̀, tí ìka mẹ́wàá wà nílẹ̀, àwọn fèrè á máa jà du ìwọ̀nba atẹ́gùn tó wà. Torí náà, ẹwìrì ni kí ẹ lọ bá, ẹ fi kíì sílẹ̀. Wọ́n lè gbé díẹ̀ kúrò nínú ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì lè dín agbára ẹ̀rọ rẹ̀ kù. Zacher tiẹ̀ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa eruku nílé rọ́pò ẹ̀rọ atẹ́gùn tó lágbára, torí ó mọ̀ pé agbára rẹ̀ ò ní tó, àìtó yẹn gan-an ni wọ́n sì ń wá. Kò sí bí aṣẹ̀dá orin tó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ yóò ṣe ronú kan ìyẹn láé. Ní oṣù October ọdún náà, Zacher tẹ Harmonies ní Hamburg fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ má rò pé ẹ̀gbẹ́ kan nìkan ni ìrànlọ́wọ́ náà ti ń wá. Òkè ni atẹdùùrù sábà máa ń jókòó sí, ó sún mọ́ fèrè jù, ó tiẹ̀ lè kẹ̀yìn sí ìjọ. Fèrè tó wà lẹ́bàá etí rẹ̀ á máa pariwo mọ́ ọn, èyí tó wà lókèèrè á fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó jókòó nísàlẹ̀ láàárín àwọn àga ló ń gbọ́ orin bí ìjọ ṣe máa gbọ́ ọ. Nígbà ìdánrawò, ẹni tó kọ orin ni etí atẹdùùrù: òun ló máa kígbe sókè pé ohùn ẹsẹ̀ ti bo ti ọwọ́ mọ́lẹ̀, tàbí pé kó dúró díẹ̀ sí i kí ìró tó kọjá lára ògiri.

Àwọn mìíràn tún wá. Mauricio Kagel, ọmọ Argentina, wo àwọn tó máa ń dúró ti atẹdùùrù láti bá a fa sítọ́ọ̀pù, ó sì kọ orin kan tí àwọn yẹn náà ti ń húkọ́, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń kígbe. Lẹ́yìn náà ó kọ òmíràn fún Zacher, èyí tí téèpù ìró ìgbé ayé atẹdùùrù lójoojúmọ́ ń bá dùùrù rìn. Isang Yun láti Kòríà kọ Tuyaux sonores, Zacher sì tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn ní oṣù March 1967.

Ṣé atẹdùùrù wá lẹ́tọ̀ọ́ láti yí orin padà bó ṣe wù ú? Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé láìsí Straube, Reger ì bá má ní ẹni tó máa tẹ orin rẹ̀ bó ṣe yẹ, àmọ́ ìgbà tó dórí pé kó sọ èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa kọ àti èyí tó máa fi sílẹ̀, ó ti kọjá àyè rẹ̀. Ti Zacher ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ó bi ẹni tó ń kọ orin léèrè ohun tó fẹ́ gbọ́, ó wá lọ wá ọ̀nà rẹ̀ nínú ẹwìrì àti fèrè.

Tí ọ̀dọ́ kan bá wà nínú ìjọ yín tó ń kọ orin sínú ìwé, ẹ mú un lọ bá atẹdùùrù yín. Ẹ ní kó jẹ́ kó gòkè lọ rí àwọn sítọ́ọ̀pù, kó fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó gbọ́ wọn, kó tó máa kọ nǹkan kan fún un.