Àbàtà Kì Í Ṣe Ààtàn

Àwọn àgbà ní àbàtà ta kété bí ẹni pé kò bá odò tan. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi bá àwa ará Alímọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá, títí dé Ìgàndò. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wo àbàtà bí àlejò. Bí a bá rí ilẹ̀ tí omi dúró sí, ohun méjì péré ni ó ń wá sí wa lọ́kàn: kí a da ìdọ̀tí sí i, tàbí kí a fi yanrìn dí i, kí a sì tà á.

Kí wá ni iṣẹ́ àbàtà? Òun ni àmù tí odò ń tọ́jú omi sí. Bí òjò bá rọ̀, a gbà á. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹja ń yé sí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọ́ tí ń jẹ kòkòrò ń gbé. Bí a bá dí i, omi kò kú. Ilé ẹlòmíràn ni yóò wá lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì gbàgbé òjò tí ó rọ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011: ilé rì, ẹ̀mí sì lọ. Ní ìkànìyàn ọdún 2006, àwa tí a wà ní Alímọ̀ṣọ́ lé ní 1,277,000. Bí èrò ti ń pọ̀ tó yìí, níbo ni omi yóò gbà?

Ẹlòmíràn á ní ilẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ kò ṣe é tún ṣe mọ́. Kí ó lọ bi Òṣogbo. Láti bí ọdún 1950 ni igbó Ọ̀ṣun tí ó wà létí odò ti ń run lọ: àwọn kan ń gé igi, àwọn kan ń dẹ ìgbẹ́, àwọn kan sì ń lépa ilẹ̀ rẹ̀. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà àti àwọn olùsìn Ọ̀ṣun, dìde sí i. Ní 1965 ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 1992 ó pé hẹ́kítà 75. Ní 2005 UNESCO kà á mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Igi ńlá àti ọ̀bọ ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Àwọn tí ń wa góòlù lókè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, sọ omi Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀, débi pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Igbó kò ṣẹ̀. Òkè odò ni ó ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Ọ̀rá tí a jù sínú gọ́tà ní Ẹ̀gbẹ́dá kò ní dúró ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ sì wo Solous ní Ìgàndò, níbi tí a ti ń da ìdọ̀tí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí òjò bá ti la irú òkìtì bẹ́ẹ̀ kọjá, omi dúdú ni ń wọ ilẹ̀ lọ, kànga kò sì jìnnà.

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí a dáwọ́ ìdọ̀tí àti yanrìn dídà dúró. Èkejì, kí a kó ọ̀rá àti ike kúrò. Ẹ̀kẹta, kí a fi etí odò sílẹ̀ láìkọ́lé sí i, kí a gbin igi tí ó mọ omi ilẹ̀ wa, bí igi ògùrọ̀. Gọ́tà onísìmẹ́ńtì ń gbé omi lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja kì í yé sí i.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ jẹ́ kí ọjà kọ̀ọ̀kan ní ibi ìdalẹ̀ tirẹ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n ń kó o lásìkò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sétí odò ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka ẹyẹ àti ẹja tí wọ́n bá rí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìwé náà ni yóò sọ bóyá a ń tún un ṣe tàbí a ń bà á jẹ́.

Owó púlọ́ọ̀tì dùn ún gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni à ń gbà á. Ọdọọdún ni omíyalé ń gba tirẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.