Ṣé o mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run Bouaké ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire kì í kọjú sí ibì kan náà?

Bàlúùnù afẹ́fẹ́ gbígbóná kò ní ohun ìdarí. Òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ni awakọ̀ rẹ̀ lè yàn. Síbẹ̀ nínú ìdíje ó gbọ́dọ̀ ju àmì sí ojú ibi tí wọ́n yàn, ohun tó sì mú kó ṣeé ṣe ni pé afẹ́fẹ́ ní ìpele. Lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ olómi láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ló ń fẹ́ nílẹ̀ Bouaké, nígbà tí èyí tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 3 sókè ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn. Ẹnìkan lè ní kìlómítà 3 ti ga jù fún ìdíje. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lásìkò ọyẹ́ ìpele olómi yẹn máa ń fẹ́lẹ́ gan-an, ààlà rẹ̀ a sì sún mọ́ ilẹ̀.

Èéfín àti àsíá tó ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí hàn ńkọ́? Ìròyìn ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń mú wá. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ètò ìwádìí ojú ọjọ́ DACCIWA fi bàlúùnù kéékèèké wọn afẹ́fẹ́ ní Kumasi ní Gánà, ní Ilé-Ifẹ̀, àti ní Ṣábẹ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ní Ṣábẹ, wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ òru máa ń sáré kíkankíkan ní ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan sókè, bí ilẹ̀ tilẹ̀ parọ́rọ́. Ìdí nìyí tí awakọ̀ fi ń kọ́kọ́ tú bàlúùnù kékeré sílẹ̀, tó ń fojú tọ̀ ọ́ lọ, kó tó gbéra.