Ọ̀bẹ Ni Tàbí Àdá? Ìṣòro Orúkọ Ọ̀bẹ Ńlá Àwọn Sámì

Ohun tí ó fa àpilẹ̀kọ yìí ni àṣìṣe kan tí àwa fúnra wa fi ọwọ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ni ó gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ wá, ìwé kékeré kan lórí bí ènìyàn ṣe lè dá iná, kí ó pa àgọ́, kí ó sì pèsè oúnjẹ nínú igbó ilẹ̀ olótùútù. Irinṣẹ́ kan wà tí a ń bá pàdé láti ojú ìwé dé ojú ìwé, ìyẹn ọ̀bẹ ńlá àwọn Sámì. ‘Àdá’ ni akẹ́kọ̀ọ́ náà pè é. A wò ó, a rí i pé irinṣẹ́ náà gùn, a rí i pé igi ni wọ́n ń fi gé, a sì ní ó dára. Ìgbà tí a ka ìtumọ̀ náà sí etí àgbẹ̀ kan, tí a ní kí ó fi ọwọ́ júwe ohun tí ó gbọ́, ni ojú tì wá. Ó gbé apá sókè kọjá èjìká, ó sì ti ibẹ̀ ṣá a wálẹ̀. Ẹni tí ó bá fi irinṣẹ́ Sámì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú òjò dídì, níbi tí ilé ìwòsàn jìnnà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ itan ara rẹ̀ ni yóò ṣá.

Kí á tó máa bá ọ̀rọ̀ orúkọ lọ, ó yẹ kí a mọ àwọn tí ó ni ín. Àwọn Sámì ni ọmọ ìbílẹ̀ apá àríwá Nọ́wè, Swídìn àti Fínlándì, àti agbègbè Kola ní Rọ́ṣíà. Èdè wọn ju ẹyọ kan lọ. Nínú èyí tí a ń pè ní Sámì ti Àríwá, Sápmi ni orúkọ ilẹ̀ wọn. Lapp ni àwọn aládùúgbò ti ń pè wọ́n tipẹ́tipẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ka orúkọ yìí sí ìwọ̀sí, atúmọ̀-èdè kò sì ní ìdí kankan láti gbé e wọ inú Yorùbá. Kì í ṣe gbogbo Sámì ni ó jẹ́ darandaran, ṣùgbọ́n àwọn tí ń da boazu, ẹran oníwo ẹlẹ́ka tí ìrísí rẹ̀ jọ ti àgbọ̀nrín díẹ̀, ni ọ̀bẹ yìí wúlò fún jùlọ.

Irin ọ̀bẹ náà sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, ìyẹn bí ìdajì irin àdá oko wa. Ó fẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nípọn ju ti àdá lọ. Igi soahki, igi eléèpo funfun tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ wọn, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe èèkù rẹ̀. Èèkù yìí gbòòrò ní ìdí, kò sì sí ohun kankan láàárín òun àti irin tí yóò dá ìka dúró. Ẹni tí kò mọ ibẹ̀ lè ní alágbẹ̀dẹ náà kò parí iṣẹ́. Òtútù ni ìdáhùn. Ní Karasjok, ìlú Sámì kan ní Nọ́wè, òtútù já sí ìwọ̀n 51.4 ní ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1886. Nínú irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tí ó wà nínú ìbọ̀wọ́ nínípọn ni ó ń mú ọ̀bẹ. Ìdí èèkù tí ó gbòòrò ni kì í jẹ́ kí ó yọ̀ bọ́ nígbà tí a bá fi bẹ́ igi. Àkọ̀ rẹ̀ jìn, ó gbé irin mì, ó sì gbé apá kan èèkù mì pẹ̀lú, kí ọ̀bẹ má baà jábọ́ sínú òjò dídì tí a kò ti ní rí i mọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò, nítorí èdè wa kì í fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo pe gbogbo gígé. Bí Sámì bá fẹ́ òpó fún lávvu, àgọ́ onísónsó wọn, yóò wá soahki tínínrín. Yóò fi ọwọ́ kan tẹ igi náà títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi le tantan, yóò sì fi ọ̀bẹ bẹ́ ẹ níbi tí ó ti le, ní ìdàgẹ̀rẹ̀, nítòsí ilẹ̀. Igi tí a tẹ̀ báyìí kì í pẹ́ já. Ẹ kíyè sí i pé bíbẹ́ ni, kì í ṣe ṣíṣán bí a ti ń ṣán oko. Láti ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá ni agbára ti ń wá, ẹni tí ń bẹ́ ẹ sì ti yẹ ẹsẹ̀ kúrò ní ọ̀nà tí ọ̀bẹ yóò gbà bí igi bá já. Lẹ́yìn èyí ni yóò rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, láti ìdí lọ sí orí, nítorí bí ó bá ti orí bẹ̀rẹ̀, ọ̀bẹ yóò máa há sí abẹ́ ẹ̀ka.

Igi ìdáná ńkọ́? Lílà ni ti èyí, ibẹ̀ gan-an sì ni àdá àti ọ̀bẹ yìí ti pínyà pátápátá. A ó gbé ìtì igi kékeré nàró, a ó gbé ojú ọ̀bẹ lé e lórí, a ó wá fi igi mìíràn lu ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà títí ìtì yóò fi là. Inú igi tí ó là yìí a máa gbẹ bí òde rẹ̀ tilẹ̀ tutù. Kókó inú igi ni kí a yẹra fún. Irin a sì máa gan nínú òtútù líle, ó sì lè ṣẹ́. Ó dára kí a jẹ́ kí ó yá díẹ̀ lábẹ́ aṣọ kí a tó fi igi lù ú. Èèpo soahki ni a fi ń ràn iná, epo inú rẹ̀ a máa mú kí ó jó bí ó tilẹ̀ rin. Ọ̀bẹ yìí kan náà ni wọ́n fi ń gé ẹran tí ó ti dì, tí wọ́n sì fi ń la eegun. Fún igi ńlá, àáké kò ní àrọ́pò. Ṣùgbọ́n lórí òkè tí kò ti sí igi kankan ju soahki kúkúrú lọ, ọ̀bẹ náà tó.

Ẹ wá wo bí àwọn tí wọ́n ń lò ó ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Huggare ni àwọn ará Swídìn wí; iṣẹ́ ni wọ́n wò, nítorí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ohun tí ń bẹ́ nǹkan. Àwọn ará Nọ́wè ní samekniv, ìyẹn ọ̀bẹ Sámì; ẹni tí ó ni ín ni wọ́n wò. Èdè Finnish ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, leuku, èyí sì ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń ta ọ̀bẹ kiri àgbáyé. Ní Sámì ti Àríwá, stuorraniibi ni: niibi ni ọ̀bẹ, stuorra ni ńlá. (Ọ̀rọ̀ àyálò ni niibi pàápàá, ọ̀dọ̀ àwọn ará Skandinéfíà àtijọ́ ni wọ́n ti yá a. Kò sí ẹni tí yóò torí èyí sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Sámì, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ẹni tí yóò lé àlùbọ́sà kúrò nínú Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò, ẹ gbọ́ o.)

Ọ̀bẹ ńlá, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìgbà tí a kọ́kọ́ rí i, a rò pé orúkọ yìí kò ní làákàyè nínú. Ńlá ju kí ni lọ? Ìdáhùn wà ní ìgbànú Sámì. Ọ̀bẹ kékeré kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìgbà mìíràn nínú àkọ̀ kan náà. Ọ̀bẹ kékeré yìí ni wọ́n fi ń gé àmì sí etí ọmọ boazu kí olúkúlùkù lè mọ tirẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ igi, òun ni wọ́n sì fi ń jẹun. Ńlá dúró nítorí pé kékeré wà. Tọkọtaya ni orúkọ méjèèjì.

Ibí ni ‘àdá’ ti kùnà, kì í ṣe ní ti gígùn nìkan. Àdá kò ní ìkejì tí ń jẹ́ ọ̀bẹ. Bí a bá pe ọ̀kan ní àdá tí a pe èkejì ní ọ̀bẹ, a ti tú ìdílé ká. Akẹ́kọ̀ọ́ wa dá ‘ọ̀bẹ ìlagi’ lábàá lẹ́yìn náà. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó gbàgbé eegun àti òpó àgọ́. ‘Léúkù’ rọrùn láti pè, ṣùgbọ́n Finnish ni yóò sọ fún wa, ohun ìní Sámì sì ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ní ọ̀bẹ ńlá yóò mú ọkàn òǹkàwé lọ sọ́dọ̀ alápatà. Òótọ́ ni. Nítorí náà, a dábàá pé kí atúmọ̀-èdè kọ ‘ọ̀bẹ ńlá Sámì’ ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ó sọ bí a ti ń lò ó ní gbólóhùn kan tàbí méjì, kí ó sì máa lo ‘ọ̀bẹ ńlá’ àti ‘ọ̀bẹ kékeré’ láti ibẹ̀ lọ. Fún ẹ̀yà ara rẹ̀, a kò nílò ìṣẹ̀dá kankan: ojú, ẹ̀yìn, ṣónṣó, èèkù àti àkọ̀ ti wà nílẹ̀.

A ti dá ìtumọ̀ náà padà fún àtúnṣe. Àgbẹ̀ wa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó, ó na ọwọ́ òsì bí ẹni di ọ̀bẹ mú, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún lu ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù tí ọwọ́ wa kò tíì bà: ọ̀rọ̀-orúkọ fún lílo igi lu ẹ̀yìn ọ̀bẹ títí igi ìdáná yóò fi là. Láti inú ‘lù’ àti ‘là’ ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ti dá ‘àlùlà’. A ń lò ó nínú ìwé náà ná, a ó sì fẹ́ gbọ́ èrò ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá dán an wò ní kíláàsì.