Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Ń Kú Bí Ẹrù Bá Wọ̀ Ọ́ Lọ́rùn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kan gbogbo ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó gààrí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹja lọ sí ọjà, ìbáà jẹ́ Ẹ̀pẹ́, ìbáà jẹ́ Ìgbókọ̀dá.

Ẹ fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó dáhùn. Ó ń ró dáadáa ní èbúté. Ẹ di ẹrù, ẹ dé àárín ọ̀sà, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ kó lè sáré. Kò pẹ́, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ó kú. Ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún fà á, ó jí. Ẹ tún ní kó sáré, ó tún kú. Ẹja ń bàjẹ́ nínú ọkọ̀, ilẹ̀ sì ń ṣú lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń fipá mú un bẹ́ẹ̀ títí dé ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Ẹ́ńjìnnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀, inú epo yẹn náà ni ọ́ìlì ń bá dé ara písítìnì. Bí epo kò bá dé tó, ọ́ìlì náà kò dé tó nìyẹn. Písítìnì á gbóná, á sì gan mọ́ inú ilé rẹ̀. Ohun tí ì bá má ná yín ní kọ́bọ̀ á wá di owó ńlá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ abẹ́ ẹrù ló ń kú? Inú kabúrétọ̀ ni abọ́ kékeré kan wà tí epo ń dúró sí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ró jẹ́jẹ́, epo díẹ̀ ló ń mu, nítorí náà bí ọ̀nà epo bá tilẹ̀ há, ìwọ̀nba tó ń kán wọlé á tó o. Ṣùgbọ́n tí ẹrù bá wà, tí ẹ sì ní kó sáré, ohun tó ń mu á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Á mu ti inú abọ́ tán kí òmíràn tó dé. Ìsinmi tí ẹ fún un ló jẹ́ kí abọ́ náà kún padà. Nítorí náà, èyí tó bá ń kú tó tún ń jí báyìí, ebi epo ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀nà epo, ẹ wo nǹkan méjì. Ẹ wo ihò kékeré tí omi ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí omi kò bá jáde, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rá tàbí ẹrẹ̀ lè ti dí ibi tó ń gbà fa omi. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé e sókè, ẹ wo ìdí rẹ̀ tó ń yí nínú omi. Ewéko olódòdó elésè-àlùkò tó gba ọ̀nà Badagry wọ ilẹ̀ wa ní nǹkan bí ọdún 1984 ṣì ń yọ wá lẹ́nu títí dòní. Ó máa ń wé mọ́ ibẹ̀ bí okùn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀n tó já.

Tí ibẹ̀ bá mọ́, ó kan ìdérí táǹkì. Bí epo ṣe ń jáde ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé dípò rẹ̀. Ẹ ti rí i bí òróró ṣe ń jáde ní kúlú-kúlú nínú ìgò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀: afẹ́fẹ́ ló ń wá ọ̀nà wọlé. Síkúrù kékeré wà lórí ìdérí táǹkì fún iṣẹ́ yìí. Ẹ tú u kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì dì í padà nígbà tí ẹ bá ń gbé táǹkì pa mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo kẹ́ẹ̀gì, tí ẹ fi ọ̀rá wé ẹnu rẹ̀ pinpin nítorí òjò, ẹ̀yin gan-an ni à ń bá wí. A ti rí ẹni tó ra kabúrétọ̀ tuntun nítorí síkúrù yìí.

Bí kò bá kúrò níbẹ̀, ẹ ṣe àyẹ̀wò tí a fẹ́ràn jù. Ẹ so ọkọ̀ mọ́ òpó èbúté pẹ̀lú okùn tó nípọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà nínú omi lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ ki jíà sí iwájú, ẹ yí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti fẹ́ kú, kí ẹnìkejì yín máa fún bọ́ọ̀lù rọ́bà tó wà lára rọ́bà epo. Tí ẹ́ńjìnnì bá gbé ohùn sókè padà, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn: epo ni kò dé kabúrétọ̀ tó. Ẹ wá wo bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀. Bó bá pẹlẹbẹ bí ẹni pé wọ́n fà á mu, ìdíwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, níhà táǹkì. Bó bá rọ̀ ṣáá tí kò le bí ẹ ti wulẹ̀ fún un tó, afẹ́fẹ́ ń gba ibì kan wọlé, tàbí bọ́ọ̀lù ti bàjẹ́. Ẹ yẹ ojú ìsopọ̀ àti ibi tí rọ́bà ti sán wò. Ọfà ara bọ́ọ̀lù náà gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá dára, tí fílítà sì mọ́, ó ku póńpù epo ara ẹ́ńjìnnì, tí awọ inú rẹ̀ máa ń gbó.

Tí fífún bọ́ọ̀lù kò bá ràn án lọ́wọ́, ẹ fa ṣóòkù díẹ̀ nígbà tó bá ń rẹ̀ ẹ́. Bó bá sàn, ihò epo inú kabúrétọ̀ ló dọ̀tí. Ẹ fi póńpù táyà fẹ́ ẹ. Ẹ má ki wáyà bọ̀ ọ́ o, nítorí á fẹ ihò náà, kò sì ní pé mọ́ láéláé.

Ẹ yẹ epo náà wò pẹ̀lú. Ẹ bu ti ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò funfun, ẹ jẹ́ kó silẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti rí i. A mọ̀ pé láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí bẹntiróòlù, kò sẹ́ni tó fẹ́ da ẹ̀kán kan nù. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì yẹn, ẹ fi sílẹ̀.

Púlọ́ọ̀gì tó ti gbó náà lè pa ẹ́ńjìnnì lábẹ́ ẹrù bó tilẹ̀ ń ró dáadáa ní èbúté. Ẹ fi tuntun dán an wò. Ó yẹ kí ọ̀kan máa wà nínú ọkọ̀ yín, pẹ̀lú sípánà rẹ̀, ìdákọ̀ró àti àjẹ̀.

Ẹ lè sọ pé bóyá ẹrù ló kàn pọ̀ jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù àpọ̀jù sábà máa ń mú ẹ́ńjìnnì tó yá falẹ̀ ni, kì í dédé pa á. Ẹ kó ìdajì sílẹ̀, kí ẹ tún àyẹ̀wò bọ́ọ̀lù ṣe. Bó bá di dandan kí ẹ pe mẹkáníìkì, ẹ sọ ohun tí bọ́ọ̀lù ṣe fún un kó tó mú sípánà.