Níti Yíyan àti Kíkan Ọkọ̀ Kékeré Onígi

Àwọn ará Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ kì í rí òkun láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ṣùgbọ́n ẹrù tí ọkọ̀ ojú omi kó wá ń kọjá níwájú wọn lójoojúmọ́, nítorí ọ̀nà ńlá kan ti Oṣòdì lọ sí èbúté Àpápá. Ọkọ̀ ni ó gbé Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, kúrò ní Èkó gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Ọkọ̀ mìíràn, Myrmidon ti ọba Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sì gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822. Ọmọ náà ni a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Nítorí náà, kì í ṣe eré lásán ni bí ọmọ ilé-ìwé tàbí àgbàlagbà bá jókòó ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé láti fi igi kan ọkọ̀ kékeré tí ó jọ ti àtijọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yóò kọ́ iṣẹ́, ojú rẹ̀ yóò sì mọ bí ọkọ̀ wọnnì ti rí.

Inú àpótí ni a ń ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Àwọn tí ń ṣe é ní Ítálì, Sípéènì àti ilẹ̀ mìíràn a máa gé igi ìdí ọkọ̀ àti egungun ìhà rẹ̀ sílẹ̀. Wọn a sì fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́, òpó, okùn àti ìwé àwòrán kún un. Lára igi tí wọ́n ń lò ni arère ilẹ̀ wa, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní obeche: ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé.

Ní yíyàn, ojú kòkòrò ni ọ̀tá. Ọkọ̀ ogun Victory, tí a sọ sómi ní ọdún 1765, a máa wu ènìyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n òpó mẹ́ta ni ó ní, àti ìbọn ńlá 104 ní ogun Trafalgar ti ọdún 1805. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè pa á tì sábẹ́ ibùsùn, owó rẹ̀ a sì ṣòfò. Kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mú ọkọ̀ tí ó ní òpó kan tàbí méjì. Kí ó sì wo ìwọ̀n tí a kọ sára àpótí: 1:64 túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ bàtà 64 lára ọkọ̀ gidi di ẹsẹ̀ bàtà 1. Ọkọ̀ tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 96 yóò di ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀. Kí ó rí i pé tábìlì rẹ̀ gbà á kí ó tó sanwó.

Ní kíkàn án, èkíní, kí igi ìdí ọkọ̀ tọ́ gbọnrangandan kí àtè tó gbẹ. Bí ó bá wọ́, gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e yóò wọ́. Èkejì, kí a to egungun ìhà, kí a sì fi sáńpépà fá etí wọn kí pákó lè jókòó dáradára. Ẹ̀kẹta, kí a rẹ pákó sínú omi gbígbóná títí yóò fi rọ̀, kí a tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí a sì fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ dì í mú títí yóò fi gbẹ. Kí a lẹ ọ̀kan ní apá ọ̀tún, kí a lẹ ọ̀kan ní apá òsì. Bí a bá parí apá kan kí a tó kan èkejì, pákó yóò fa ọkọ̀ náà wọ́. Òpó, okùn àti ìgbòkun ni ìkẹyìn.

Níti ìlera, eruku arère lè fa ikọ́ fée fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó sì lè mú ti ẹni tí ó ti ní i tẹ́lẹ̀ burú sí i. Ìta gbangba ni kí a ti máa fá igi, kí a bo imú àti ẹnu, kí a sì fi aṣọ tútù nu eruku dípò kí a fi ọwọ̀ gbá a. Kí ojú abẹ má ṣe kọ sí ìka ọwọ́.

Ikán àti ọ̀rinrin a máa tètè ba arère jẹ́. Nítorí náà, kí a kun ọkọ̀ tí ó parí ní ọ̀dà, kí a sì gbé e sórí pẹpẹ tí kò kan ògiri.

Ẹni tí kò ní owó àpótí lè bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò rẹ̀ fún àjẹkù pákó arère, kí ó kọ́kọ́ fi kan ọkọ̀ apẹja kékeré. Ọ̀nà kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì ń tọ̀: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.