Owó Orí Ilé: Bí A Kò Bá San Án Ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti díye lé ilé aládàáni, kí ó sì gba owó orí lé e, bí òfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Ẹni tí kò san án ti jẹ gbèsè. Wọ́n lè pè é lẹ́jọ́.

Ẹ rántí ogun Àgbẹ́kọ̀yà. Owó orí wọ àgbẹ̀ lọ́rùn, ìjà dé, wọ́n sì pa Ṣọ̀ún Ọlájídé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1969. Owó orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn 2, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tó lọ kò padà.

Bí owó tí wọ́n bù lé ilé yín bá pọ̀ jù, ẹ tètè kọ̀wé ta kò ó. Akọ̀wé ẹgbẹ́ lè bá yín kọ ọ́. Bí ẹ bá san án, ẹ tọ́jú rìsíìtì.